Bàtà tí A Ó Wọ̀ Lọ sí Stockholm

Àṣìṣe mi ni pé mo kọ ìrìn àjò náà sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Ìyá tó bí mi kì í sọ ìrìn àjò fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi dé padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kọkànlá, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ aláṣọ funfun wa ń lò ní Chadwell Heath nílùú Ọba, mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé: "Èmi àti ọmọ mi obìnrin. Stockholm, ọjọ́ mẹ́ta, oṣù kejì. Ààbò." Akọ̀wé ìjọ kà á sókè. Gbogbo orí yí padà wò mí.

Wọ́n mọ ìdí. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọmọ mi, òtútù sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá mú un wọ egungun, ilé ìwòsàn ni a ó sùn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì láti bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ rìnrìn àjò. Ní ìgbà kejì, kò sunkún. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé ayé ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kí n má kú?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó bi í pé níbo ló fẹ́ lọ. Ó ní Stockholm, ibi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ tí kì í yọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò sọ pé ká má lọ. Ó ní kí ara rẹ̀ máa móoru, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó má ṣe rìn débi tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé.

Nígbà tí ìsìn parí, ìyá àgbà tó máa ń ríran nínú ìjọ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún méje, ìyá yìí bá wa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. N kò lè fojú tín-ín-rín wọn.

"Ọmọ mi, mo rí i. Ó dúró nínú yìnyín, ó ń sunkún. Má lọ."

"Kí ló wọ̀, Ìyá?"

"Sútánà funfun."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ lásán ni. Ta ló ń wọ bàtà sí sútánà?"

"Ìyá, bí mo bá wọ bàtà fún un, ẹni tí ẹ rí kọ́ nìyẹn."

"Mo ní má lọ, o ń sọ ti bàtà! Olórí kunkun! Ta lo fi jọ gan-an?"

N kò pe ìran náà ní irọ́. Mo kàn kọ̀ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọmọ mi. Èmi fúnra mi ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tó. Ṣùgbọ́n mo pinnu pé n kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì títí a ó fi dán òtútù wò.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, mo mú un lọ sí èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Barking Riverside, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti ń gé ni létí. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn, bàtà tuntun, kóòtù, ìbọ̀wọ́. Omi gbígbóná wà nínú fíláàsì. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, mo ń fọwọ́ kan ìka rẹ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ń wò wá.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rò pé ẹ fẹ́ tà mí ni."

"Ta ni yóò rà ọ́? Mu omi."

Nígbà tó pé ogójì ìṣẹ́jú, ó wo ilẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ti ń tutù." Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè pa ìrìn àjò náà, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ilé ni ǹ bá gbà lọ tààrà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo tẹ orí bàtà náà. Ó há. Ẹsẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi wọ̀n ọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mo máa ń wọn ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè rìn.

A pààrọ̀ rẹ̀ sí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Ní Sátidé kejì, a padà sí èbúté náà. Wákàtí kan gbáko, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì móoru. Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Òun ló fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ mi: "Stockholm, ọjọ́ mẹ́ta. Bàtà nọ́ńbà mẹ́fà." Akọ̀wé kà á sókè, ó pe mẹ́fà náà ní kedere. Ìyá àgbà kò ṣe àmín. Wọ́n yíjú sí mi láti orí àga wọn.

"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Méjì lórí ara wọn, Ìyá."

"Mú ẹ̀kẹta dání," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sí pẹpẹ.