Búlúù Abẹ́ Ìdérí Epo

Tí mo bá gba abẹ́ afárá reluwé ní Peckham, ní London, kọjá, tí òórùn ọ̀dà ọkọ̀ wọ imú mi, Pijó àtijọ́ tí Dádì ní ni mo máa ń rántí.

Ó ti pẹ́ tí Mọ́mì ti fẹ́ kí wọ́n tà á. Mọ́mì ní kí Dádì tún un kùn kí ọjà rẹ̀ lè yá. Búlúù ni tẹ́lẹ̀. Dádì fọwọ́ ara wọn kùn ún ní funfun.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Uncle kan tó máa ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ wá wò ó láti Sydenham. Wọ́n fọwọ́ pa á lára, inú wọn dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé original ni ọ̀dà yìí?"

Dádì yíjú sí mi. "Ràmọ́tà, ṣí ibi tí a ti ń da epo fún Uncle."

Mo ṣí i. Búlúù ló wà níbẹ̀, ó ń dán.

Ni Uncle bá mi orí. "Áà, ẹ ti tún un kùn! Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn ni mò ń wá o."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Mọ́mì yọjú lójú fèrèsé. "Daddy Ràmọ́tà, èyí náà ò rà á?"

"Ọ̀dà ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Mo bú sẹ́kún, torí mo rò pé èmi ni mo ba ọjà jẹ́. Dádì gbé mi sí ìjókòó iwájú ọkọ̀, wọ́n sì rọra wà á gba Rye Lane, wọ́n ń súfèé.

Mo ti dàgbà kí Dádì tó sọ fún mi pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi tépù bo ibẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ń kùn ún, kí búlúù lè ṣẹ́kù fún ẹni tó bá fẹ́ rà á láti rí.