Ọ̀kadà Tó Ń Kú ní Onípánù

Òórùn epo bẹntiróòlù gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Fọlá Agoro láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ayálégbé tuntun tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa ló ra ọ̀kadà àlòkù, ó sì ń nù ún lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá onílé yọjú sí i láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Òjò ti ń bọ̀ o. Ibi gbogbo tí omi bá lè gbà wọ táǹkì yẹn, tètè wá nǹkan dí i." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí, ọwọ́ mi sì dúró. Ohun tí bàbá sọ yẹn gan-an ni mo ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwa mẹ́ta péré ni a sì mọ ibi tó já sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ọ̀kadà tí mò ń sọ yìí. Apẹja ni wọ́n, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé títí di òní. Nígbà tí ẹ̀yìn wọn kò gba gígùn ún mọ́, wọ́n fi ta ọmọ mi obìnrin lọ́rẹ, tó ń bá àwọn onílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú gbé iṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà. Mi ò fẹ́ ẹ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun nìkan ni mo bí. Mo mọ iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó fi dé ibikíbi tó bá ń lọ, tó bá sì fi márùn-ún pẹ́, ọwọ́ mi á ti wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ni ó fẹ́ fi rán ara rẹ̀ lọ sí polí, kò sì sí ọ̀kadà míì.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ọ̀kadà kọ̀, kò sítáàtì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mẹkáníìkì àdúgbò wa tú kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo máa ń kọ́kọ́ dé sí kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ó da epo inú rẹ̀ sínú ìgò, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. Omi wà nísàlẹ̀, epo léfòó lé e lórí. Ó ní, "Mọ́mì, òjò ti wọ táǹkì yín. Ẹ má jẹ́ kí omi kán sí i mọ́ o." Nírọ̀lẹ́, mo yẹ ìdérí táǹkì wò fínnífínní. Ihò kan wà lórí rẹ̀, kò tóbi ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Mo ní ibẹ̀ nìyẹn. Mo po gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ike omi tó bá ń jò, mo fi igi ìṣáná tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò náà, mo sì nu ojú rẹ̀ títí tí kò fi hàn mọ́. Mi ò sọ fún ọmọ mi. Ó ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá rí nọ́ílọ̀n tó tóbi tó, òun ni mo máa kọ́kọ́ fi wé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ló ta á tó dáhùn, inú mi dùn. Ó ra epo kún táǹkì, ó di káàdì ìgbéyàwó sẹ́yìn, ó lọ. Ọ̀kadà náà kú mọ́ ọn lábẹ́ ní Onípánù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí táǹkì wò bóyá epo ti tán, epo wà níbẹ̀ dáadáa, ó dé e padà, ó ta á, ó sì dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì ló gbó, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún kú ní Onípánù. Mẹkáníìkì fọ kabúrétọ̀, ó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ó tún kú. Níkẹyìn, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó yọ rọ́bà tí epo ń gbà wá sísàlẹ̀, epo sì ń ṣàn jáde bí omi ẹ̀rọ. "Ẹ wò ó fúnra yín, Mọ́mì. Epo ń wá." Mo wò ó. Epo ń wá lóòótọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣẹ́jú tó bá fi rìn kó tó kú sí ẹ̀yìn kàléńdà ògiri wa. Ohun tí mo rí níbẹ̀ tún wá rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí epo bá kún táǹkì bámúbámú ni ó ń tètè kú, bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Tí epo bá kù díẹ̀, ó lè dé Bàrígà kó sì padà láìkú. Ẹ bá mi rò ó: èyí tó yó ló ń dákú, èyí tí ebi ń pa ló ń sáré. Mẹkáníìkì ní wọ́n ti po nǹkan mọ́ epo tí à ń rà. Ọmọ mi ní ara ẹ́ńjìnnì ló ń gbóná, ìsinmi ló fẹ́. Èmi wá ń fura sí Onípánù fúnra rẹ̀. Mo ní kó máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbà, ọ̀kadà sì kú síwájú ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó kú ní àárín títì Ìkòròdú, níbi tó ti fẹ́ yà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tẹ búréèkì lẹ́yìn rẹ̀ débi pé òórùn táyà gba afẹ́fẹ́. Nígbà tó délé, gbólóhùn kan ló sọ: "Mọ́mì, mo rí eyín dírẹ́bà yẹn nínú dígí mi." Mi ò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún mẹkáníìkì kó bá wa wá ẹni tó máa ra ọ̀kadà náà. Ọmọ mi ní, "Ẹ kúkú ta èmi náà mọ́ ọn."

Ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n mi ni, nítorí náà a lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Èmi wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta síwájú, mo ní kí ẹni tó ń wà á rọra máa lọ kí n lè máa rí ọmọ mi lẹ́yìn. Ó ku bí ilé márùn-ún ká dé etí ọ̀sà, ọ̀kadà kú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́, a sì tì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń so ìwọ̀ mọ́ okùn. Òórùn ẹja yíyan àti epo ẹ́ńjìnnì dà pọ̀ níbẹ̀, òórùn tí mo gbọ́ dàgbà. Wọ́n gbọ́ àlàyé wa tán, wọ́n wá bi ọmọ mi pé, "Tó bá kú, kí lo kọ́kọ́ ń ṣe?"

"Mo máa ń ṣí táǹkì wò bóyá epo wà, Ánkù."

"Ó yá, má ṣí i lónìí. Máa ta á bẹ́ẹ̀."

Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Òógùn bò ó, kò dún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé etí sún mọ́ táǹkì, wọ́n rọra yí ìdérí rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ: fíììì, bí ẹni tó ti di èémí mú látàárọ̀. Wọ́n ní kó ta á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ta á tó dáhùn. Wọ́n gbé ìdérí náà sí oòrùn, wọ́n fi èékánná họ orí rẹ̀. "Ta ló dí ihò yìí?"

Mò ń wo omi ọ̀sà.

"Àbúrò, mò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ o."

"Èmi ni. Nítorí òjò ni."

Wọn ò bínú, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Ìwọ tí Bàbá máa ń fi ṣọ́ táǹkì?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti kékeré, iṣẹ́ mi nínú ọkọ̀ bàbá wa ni láti tú skúrù kékeré orí ìdérí táǹkì kí wọ́n tó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Epo kì í jáde níbi tí atẹ́gùn kò bá lè wọlé gba ààyè rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé, ẹ́ńjìnnì á gbé wa kúrò létí omi, á sì kú. Bàbá á kàn nawọ́ sí skúrù náà. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà. Mẹkáníìkì ò sì lè mọ̀ ọ́n, torí gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wo inú táǹkì ló ń ṣí i, atẹ́gùn á sì wọlé. Táǹkì tó kún ló sì ń tètè kú, torí atẹ́gùn tó há sórí epo rẹ̀ kéré, agbára rẹ̀ sì ń tètè tán.

Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé gọ́ọ̀mù yẹn ṣẹ́kù? Ẹ kúkú fi lẹ èmi náà mọ́ àga nílé." Mo rẹ́rìn-ín kí n má bàa sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu ìwọ̀ lu ihò náà padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú táǹkì tó kún, fóònù mi dún. Ó ní, "Mo ti kọjá Onípánù," ó sì pa á.

Kàléńdà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ìṣẹ́jú síbẹ̀, mo kọ púlọ́ọ̀gì, mo kọ ilé epo, mo tilẹ̀ kọ orúkọ oríta síbẹ̀. Mi ò kọ gọ́ọ̀mù. Mi ò fi í pamọ́. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí mo fi ìfẹ́ ṣe lè wà lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ní báyìí, abọ́ ike ni mo máa ń dojú rẹ̀ dé táǹkì nígbà òjò, aṣọ pupa ni mo sì ń so mọ́ ọn kó lè rí i yọ.

Mo ti bá ayálégbé tuntun náà sọ̀rọ̀, mo sì ti fi ihò náà hàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti fi ọwọ́ kan ohunkóhun lára ọ̀kadà tí ọmọ yín ń gùn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ sọ fún un kó tó gbéra.