Ipa Ẹsẹ̀ Funfun Lórí Àpáta

Nígbà tí ọkùnrin náà kú, rédíò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi sú mi. Wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ gbé eré tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kalẹ̀ ní àgbègbè olókè wa. Wọ́n ní ibi tó wúni lórí jù nínú eré náà, níbi tí olórí àwọn tó ń sá fún ogun ti ń fi aṣọ nu ipa ẹsẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò lórí àpáta, inú àṣàrò ló ti rí i. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́. Mo pa rédíò, mo sì ṣa ẹ̀wà mi tán. Wọ́n kọ́ wa ní ìjọ pé kí a má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, mo sì ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo mọ òkú yìí nígbà tó wà láàyè, mo sì mọ aṣọ tó nu àpáta náà. Aṣọ mi ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́, ìjọba sì gbé mi padà sí Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n bí mi sí, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Mètírẹ́sì ni gbogbo ìlú ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe olùkọ́bìnrin lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi náà máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ọkùnrin náà, tí a ń pè ní Mìsíyé bí wọ́n ti ń pe ọ̀gá ọkùnrin ní Faransé, dé láti Dàkáà láti wá kọ́ àwọn ọmọkùnrin, ó wọ ṣòkòtò dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ débi pé àwọn ìyá ọjà ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi kó ẹgbẹ́ eléré jọ: àwa olùkọ́ mélòó kan, káfíńtà kan, àti àgbẹ̀ méjì láti Lèma tí wọ́n lè gbé èèyàn lé èjìká bí ẹni gbé iṣu. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ni wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkùnrin náà ní bí a bá fi èdè tiwa ṣeré, àwọn Fọ̀n tó wà lọ́jà kò ní gbọ́ ọ dáadáa. Bí a bá fi Faransé ṣe é, àwọn ìyá wa kò ní gbọ́. Nítorí náà, ara nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ìyẹn, mo gbà fún un. Èrò rẹ̀ ni, ó sì dáa. Mi ò ní gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti gba tèmi.

Láàárọ̀, kí agogo ilé-ìwé tó lù, a ti ń fi ara ṣiṣẹ́ lórí àpáta gbalasa kan lẹ́yìn ìlú. A kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú lórí òkúta láìdún. A kọ́ bí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lè para pọ̀ di òkè tí ẹnì kan yóò gùn, kí wọ́n sì tú ká kí wọ́n di ihò tí gbogbo wọn yóò wọ̀. Orúnkún wa bó, inú wa sì ń dùn. Ìtàn eré náà kò ṣòro. Ogun Agbómẹ ń bọ̀, àwọn èèyàn ń sá gòkè, ebi ń pa wọ́n, ọmọ ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀, olórí sì ní láti mú wọn dé inú ihò láìkú. Kò sí ilé kan ní Ìdáàṣà tí kò ní irú ìtàn yẹn.

Olórí yẹn ni mo fẹ́ ṣe. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn. Ìyá ìyá mi, tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, ti sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń sá nígbà náà. Ẹni tó mojú ọ̀nà ni wọ́n ń fi síwájú. Olórí, ẹ̀yìn pátápátá ló ń wà. Ẹ̀ka igi ló ń fi gbálẹ̀ tẹ̀lé wọn kí ogun má baà rí ipa ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ ihò títí gbogbo èèyàn yóò fi wọlé tán.

Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

"Mètírẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ta ni yóò rí olórí tó wà lẹ́yìn?"

"Àwọn tó ń sá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn, Mìsíyé."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ Lèma bú sẹ́rìn-ín. "Mìsíyé, ó ti gbá yín mú níbẹ̀ un!"

Ojú rẹ̀ kò yí padà. "Tíátà là ń ṣe níbí, kì í ṣe ààlọ́ ìyá àgbà. Olórí á wà níwájú, á gun orí àpáta, á na ọwọ́ sókè. Èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Ẹ̀yin, ẹ ṣe ìyá ọlọ́mọ."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Eékánná rẹ̀ ló ń wò.

Ìró aláró tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo ká di ọmọ. Mo sì pọ̀n ọ́n.

Orí àpáta yẹn náà la ti ṣe eré, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí àpáta dúdú bí ìdí ìkòkò. Supurefẹ̀, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú wa, jókòó lórí àga níwájú pẹ̀lú aya rẹ̀. Àwọn ará Akofodjoulè fi ẹsẹ̀ rìn wá, àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ti ìsọ̀ wọn lọ́jà, àwọn ìyá àgbà sì tẹ́ ẹní sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí a fi ẹfun kun ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí a lè hàn bí òjìji nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. A kò tíì fi ẹfun dán an wò rí kó tó di ọjọ́ náà.

Eré bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn sì dákẹ́. A sá wọlé láti ìsàlẹ̀, a ṣubú láìdún, a di òkè, a di ihò. Ọkùnrin náà ṣíwájú wa, ó gun orí àpáta, ó na ọwọ́ sókè. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹ̀rín kan tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹní.

"Ẹ̀yin ọmọ!" ìyá àgbà kan kígbe. "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí a dúró sí, ipa ẹsẹ̀ funfun tò lórí àpáta dúdú, ó mọ́ kedere bí èyí tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ẹlòmíràn tún ké. "Ẹ ti la ọ̀nà fún ogun! Kó kàn máa tọ̀ yín bọ̀ ni!"

Gbogbo ìsàlẹ̀ hó fún ẹ̀rín. Ọkùnrin náà dúró lókè, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín.

Mi ò ronú. Mo tú ọmọ kúrò lẹ́yìn mi, ọmọ sì di aṣọ. Mo sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, mo kúnlẹ̀ níbi ipa ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, mo nù ún. Mo nu ìkejì. Mo ń fi ẹ̀yìn rìn gòkè, mo ń nu tiwọn, mo sì ń nu tèmi. Ẹ̀rín ti dá. Mò ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ha òkúta. Àwọn àgbẹ̀ Lèma, kí Ọlọ́run bù kún wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ lóye. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì ń ti àwọn yòókù wọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi dé òkè, ẹnì kan ṣoṣo ló kù níta.

"Ìwọ tó dúró síbẹ̀ un!" ìyá àgbà náà ké. "Wọlé! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí wa ni?"

"Wọlé! Wọlé!" gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ó ká ọwọ́ kò, ó sì wọlé. Mo nu ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, mo wá wọlé tẹ̀lé e. Mo gbọ́ tí ìyá yẹn sọ jẹ́jẹ́ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Olórí nìyẹn."

Bí a ṣe ń fọ ẹfun kúrò lára, ọkùnrin náà súnmọ́ mi, ó ní, "Ẹ ba eré mi jẹ́." Supurefẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ibi tí wọ́n ti nu àpáta yẹn! Ta ló ronú kàn án?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Mìsíyé Supurefẹ̀."

Mo dúró tì wọ́n, omi ń kán lára mi. Ọ̀rẹ́ mi náà dúró. Supurefẹ̀ ní àwọn èèyàn ńlá gbọ́dọ̀ rí eré yìí ní Kútọnu níbi àjọ̀dún òmìnira.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo bá ọkùnrin náà àti ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí sódábì lábẹ́ igi ọsàn wa. Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi ní, "Kútọnu jìnnà. Mìsíyé ní ọ̀rẹ́ rẹ lè ṣe ti ìyá ọlọ́mọ. Òun fúnra rẹ̀ á ṣe olórí, á máa wà lẹ́yìn, á máa nu ilẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Mo ní ó dáa. Ta ni yóò máa dáná nílé?"

Ó ti kú báyìí, òun náà, mo sì ti dá a lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tó kú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀rẹ́ mi, tó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti tọrọ aṣọ. Ó ní ìró aláró yẹn ti mọ́ eré náà lára.

"Ó mọ́ èmi náà lára," mo ní.

"Ṣé o máa bínú sí mi báyìí? Èmi kọ́ ni mo yàn án."

"Nígbà tí Supurefẹ̀ ń béèrè, ìwọ ha gbọ́ ìbéèrè rẹ̀?"

Ó gbọ́. Ó sì bá wọn lọ láìmú aṣọ.

Àgbẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì ló ròyìn fún mi lẹ́yìn tí wọ́n dé. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ṣe é, lórí pákó. Ọkùnrin náà ra bàtà kànfáàsì fún gbogbo wọn, ó ní kò yẹ kí àwọn mínísítà máa wo ẹsẹ̀ lásán. Bàtà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lórí pákó. Òun wà lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Ni ẹnì kan bá ké láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Mètírẹ́sì, ó ní, 'Bọ́ì, o kò rí igun ọ̀hún ni? Nù ún!'" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn kò pa á lára ṣá o. Àwọn èèyàn ńlá máa ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì ní Kútọnu, kò sì padà sí Ìdáàṣà títí ó fi ku díẹ̀ kí àwọn ọdún 1960 wọ̀nyẹn parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò kan dúró níwájú ilé mi, dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn, Mìsíyé ló sọ̀kalẹ̀. Ó ti sanra.

"Mètírẹ́sì," ó ní, "àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Mo fẹ́ gbé eré wa jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn tí gbogbo wọn fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni èmi ó rí níbẹ̀?"

"A ó kọ orúkọ yín sí i."

"Síbo?"

"Láàárín àwọn tó ràn mí lọ́wọ́."

Mo ní kó jẹ́ ká lọ síbi àpáta. A dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Oòrùn wà lókè orí wa gan-an. Mo bọ́ sálúbàtà mi, mo gun àpáta.

"Ẹ bọ́ bàtà yín," mo ní.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan òkúta, ó sì fa ìka padà kíá. "Ó gbóná, Mètírẹ́sì."

"Ó máa ń gbóná."

"Ẹ kàn fẹnu sọ ọ́ fún mi."

"Eré tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni, Mìsíyé."

Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dá lápàárá, ó sì padà síbi mọ́tò. Mo dúró lókè títí mo fi rí eruku wọn ní ọ̀nà Paouignan. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi gbóná, ṣùgbọ́n mi ò yára sọ̀kalẹ̀.

Kò tún gbé eré náà jáde mọ́. Rédíò kò sọ ìyẹn.

Ìró aláró náà wà nínú àpótí mi títí di òní. Mi ò fọ̀ ọ́ rí. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sínú oòrùn, ẹ ó rí ẹfun létí rẹ̀.