Bí Ohùn Tíṣà Agogo Ṣe Lọ

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Tíṣà Agogo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì, kò sì fọwọ́ kan agogo rí. Ohùn rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tó bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tó ní, "Ó tó o, ẹ wọlé," àtẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé, àtẹni tó ń mumi nídìí ẹ̀rọ, gbogbo wọn á ti máa sáré bọ̀. Àwọn òbí tó ń kọjá lójú títì máa ń sọ pé díẹ̀ ló kù káwọn náà yà wọlé wá jókòó. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yìí ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Nígbà tó yá, nǹkan kan wú sí i lọ́rùn. Dókítà ní kí wọ́n gé e kúrò kó tó di ọ̀ràn ńlá, wọ́n sì gé e. Egbò náà jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà lanu láti bèèrè omi lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ohùn ló fara gbọgbẹ́, pé ó lè sàn láàárín oṣù mẹ́fà, ó sì lè má sàn. Bó ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la, ó sì kọjá sídìí ibùsùn ẹni tó kàn.

Ọkọ Tíṣà ń la pákó ní sọ́mìlì. Ọgbọ̀n ọdún tó ti fi dúró ti ayùn ńlá ti jẹ etí rẹ̀ dé ìdajì. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan kan nínú ilé, torí ohùn ìyàwó rẹ̀ bá irú etí bẹ́ẹ̀ mu. Ní báyìí, ẹni tí kò lè ṣe ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ ló wá ń bá ẹni tí kò lè gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ gbélé. Tíṣà ra ìwé kékeré kan, ó so báírò mọ́ ọn, ó gbé e kọ́rùn. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ ọ́, á nà án sí bàbá. Bàbá á ní kó dúró ná kóun wá jígí ojú òun.

"Kí lo kọ síbí, Tíṣà?"

Tíṣà á fìka sí i: *Ẹ bá mi pa iná.*

"Iná wo?"

Nígbà yẹn, èéfín á ti dá a lóhùn.

Ohun tó tún ń ká a lára ni pé àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ ọn, bí ẹni pé etí rẹ̀ ló lọ. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì létí títì á na ìka méjì sí i lójú, á lọgun, "Ṣé méjì ni àbí ẹyọ kan?" gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ iye búrẹ́dì tí Tíṣà fẹ́ jẹ. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ń pè é lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Màmá, ẹ kan fóònù lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ mi, kẹ́ ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ò bá gbọ́." Tíṣà á kàn án lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ṣáà máa dúpẹ́ o, Màmá. Àìmọye èèyàn ló kú sórí tábìlì dókítà." Kò sí bí èèyàn ṣe lè kan fóònù tó, tó lè sọ ohun tó ń lọ nínú Tíṣà nígbà yẹn.

Ní ilé ìwé, ọ̀gá àgbà ti gbé kíláàsì kejì fún ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí olùkọ́. Ó ní kí Tíṣà máa jókòó sí yàrá ìwé, kó máa lẹ àwọn ìwé tó ti ya.

"Ẹ kà á sí ìsinmi, mà," ọ̀gá àgbà sọ fún un. "Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa dán. Ẹni tó bá túra ká, ara rẹ̀ máa ń tètè yá."

Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: *Ta ló máa kọ́ wọn ní ìṣirò?*

Ọ̀gá àgbà ka ìwé náà, ó sì ní kí Tíṣà bá òun ti ilẹ̀kùn tó bá ń jáde.

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn, ohùn àwọn aláìsàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó bu omi sí ife dé ìdajì, ó ki ọ̀pá róbà tí wọ́n fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu bọ̀ ọ́. Ó ní kí Tíṣà máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà, kó sì máa gbìyànjú láti kùn bí oyin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án.

"Ẹ má retí nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí, mà," ló wí. "Ẹ má retí nǹkan kan lóṣù yìí náà. Ẹ ṣáà máa ṣe é."

Nínú gbogbo àwọn tó ti gbà á nímọ̀ràn, nọ́ọ̀sì yìí nìkan ni kò sọ fún un pé kó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí Tíṣà gbà á gbọ́. Ó ń fẹ́ omi láàárọ̀, ó ń fẹ́ ẹ lọ́sàn-án. Omi náà ń hó kutukutu, kò sóhun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin máa ń wáyé ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló ń darí rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, aránṣọ yìí ní kí Tíṣà dìde dúró.

"Ẹ wo arábìnrin wa," ló wí, "ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ayọ̀ gba ti Ọlọ́run. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wa, Tíṣà, kí gbogbo wọn rí i."

Tíṣà wo àwọn tó yí i ká. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín de ẹ̀rín tirẹ̀. Ó ṣí ìwé ọrùn rẹ̀, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ó gbé e sókè: *INÚ Ń BÍ MI.* Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ wá bá a nílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ṣé èmi lo ń bínú sí ni, àbí Ọlọ́run?"

*Ẹ̀yin méjèèjì.*

Aránṣọ kà á, ó wọlé, ó jókòó. "Ó dáa. Ní tèmi, jọ̀ọ́, má bínú. Mo gbé ọ jáde bí aṣọ tí mo fẹ́ tà. Ti Ọlọ́run ńkọ́, ṣé o ti sọ fún Un?"

*Ṣé mo lóhùn ni?*

"Ìgbà tó o kọ ọ́ sí mi lánàá, ṣé ohùn rẹ ni mo gbọ́?"

Tíṣà ò rò ó pé òun máa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, aránṣọ sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti fẹ́ omi tán, á kọ̀wé sí Ọlọ́run. Kì í ṣe ìwé tó ṣeé kà níwájú ìjọ. *Olúwa, ọjọ́ kejìlélọ́gọ́fà rèé. Mo ti ṣe tèmi. O ò tíì ṣe tìrẹ. Mi ò tíì lọ níbì kankan ṣá o.* Bó ṣe ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, ó ń fa báírò débi pé ìwé ń ya.

Oṣù mẹ́fà pé. Dókítà tan iná sí i lọ́fun, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó." Nígbà tí Tíṣà délé, ó gbé ife rẹ̀, ó fi la ògiri. Ó dúró, ó ń wo omi tó ń ṣàn lára ògiri. Nígbà tó sú u, ó gbá àfọ́kù rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó mú ife ike kan, ó bu omi sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Kò sí ayọ̀ kankan lọ́kàn rẹ̀. Kò kàn lè fojú inú rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jáwọ́.

Ní oṣù kẹjọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn kan gba inú omi náà jáde, tó ki bí ohùn àgbà ọkùnrin tó ń wúkọ́. Tíṣà yọ ọ̀pá róbà lẹ́nu. Ó tún un ṣe láìsí omi. Ó wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń de okùn bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Tíṣà sáré lọ bá a.

"Bàbá, ẹ gbọ́."

Bàbá gbójú sókè. "Ìwé rẹ dà?"

"Mo ń sọ̀rọ̀."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o, Tíṣà. Ìwé rẹ dà?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Oṣù méje àbọ̀, ohùn dé, ẹni tí kò gbọ́ ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ó di ọwọ́ bàbá mú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ọrùn ara rẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀. Ní sọ́mìlì, bàbá kì í fi etí mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọrùn náà.

"Ó ti tan," ló wí. Kò gbọ́wọ́ kúrò. "Kò tíì ṣe geere, ṣùgbọ́n ó ti tan."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà wọ yàrá ọ̀gá àgbà láìgbé ìwé kọ́rùn.

"Mo ti dé, mà. Ẹ fún mi ní kíláàsì mi."

Ọ̀gá àgbà ní kí ó tún un sọ, Tíṣà sì tún un sọ. Ọ̀gá àgbà ní, "A dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ohùn yìí ò ní dé ẹ̀yìn kíláàsì, mà."

"Kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún síwájú."

"Ogójì ọmọ ni wọ́n, Tíṣà. Àwọn òbí ti mọ́ra mọ́ tíṣà tuntun."

Ibi tí wọ́n bá a dé ni pé ọ̀gá àgbà fún un ní ọmọ mẹ́jọ tí kò tíì mọ̀wé kà, kó máa kọ́ wọn nínú yàrá ìwé. Ọmọ mẹ́jọ péré. Tíṣà bínú títí ó fi dé ẹnu géètì, ó tún bínú dé ilé. Títí dòní, tó bá ti di ọ̀sán, ohùn náà á rẹlẹ̀, á kú lójijì lágbede méjì ọ̀rọ̀, Tíṣà á pòṣé, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ òṣé náà. Dókítà ní kò dájú pé ó máa dára jù báyìí lọ. Tíṣà ṣì ń fẹ́ omi. Ó ṣì ń kọ̀wé sí Ọlọ́run, ìwé kẹta ló wà báyìí, inú ṣì ń bí i nínú púpọ̀ nínú wọn.

Láàárọ̀, á kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jókòó sí ìdí tábìlì kan ṣoṣo, ní ìfarakínra, kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń fo ọ̀rọ̀ tó bá ṣòro, á wá wo ojú Tíṣà bóyá ó rí i.

"Mo rí i," Tíṣà á wí. "Padà síbẹ̀. Ìlà kẹta."