Ọ̀já Tí Ìyá Àgbà Hun

Lánàá, mo gbóòórùn àdín níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ tuntun, ọkàn mi sì padà sí àgbàlá wa ní Ẹdẹ, lọ́sàn-án kan tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè kọjá. Ìyá àgbà, tó bí màmá mi, ti ìlú Ara wá kí àbúrò mi tuntun. Wọ́n kó osùn, àdín àti ọ̀já funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun wá fún un.

Mo fajú ro. “Èmi ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ọmọ, wọ́n ń fìka tọ́ imú àti etí rẹ̀ wò. “Sọ fún mi, báwo ló ṣe rí?”

Mo rò pé eré ni. “Ó pupa bí osùn. Kò léyín.”

“Ẹ̀yìn rẹ la ó kọ́kọ́ fi ọ̀já yìí pọ̀n ọ́n sí.”

Màmá mi ní, “Ìyá mi, ó kéré jù, á jẹ́ kó ṣubú!”

“Kò ní ṣubú. Èmi ni mo hun ọ̀já náà.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú ìyá àgbà ti fọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún.

Mo rìn yí àgbàlá ká jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun, màmá mi na ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ lé mi. Èémí àbúrò mi gbóná lẹ́yìn mi. Kí n tó dé ìdí odó, ó ti sùn lọ.