Àkèré Mẹ́rin Tí Àlàájà Fẹ́ Sin ní Jẹ́dà

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí mo ṣí fíríìjì yàrá sáyẹ́ǹsì, tí n kò bá àkèré mi kankan níbẹ̀. Ike ìrẹsì ẹlẹ́ran kan ló jókòó sáyè wọn. Bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, ní èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mi ò kọ ọ́ ní Yorùbá. Ta ló máa ronú irú ẹ̀ ní Jẹ́dà?

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi bó ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ọ́ sódì. Mo kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ nípa ẹranko. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2010, mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé aládàáni kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún wọn nípa àkèré inú igbó kan tó ń gbé lápá ibi tí òtútù ti le jù ní Amẹ́ríkà. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ó sì ní àmì dúdú lójú bí ẹni fi nǹkan bojú. Nígbà òtútù, kì í wá ihò jíjìn. Abẹ́ ewé gbígbẹ ló máa ń sùn sí, yìnyín á mú un níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á dákẹ́, kò ní mí mọ́. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ṣe ń mú un ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bàjẹ́. Tí ooru bá padà dé, á yọ́. Ọkàn á kọ́kọ́ lù, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e, ó di etí adágún omi, níbi tí àwọn akọ ti máa ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ láti pe ìyàwó.

Ìyá ọmọ kan kọ̀wé sí mudíírà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa, pé mò ń kọ́ ọmọ òun pé ẹranko ń kú, ó ń jí. N kò sọ bẹ́ẹ̀! Ó dì ni mo wí, n kò ní ó kú. Mudíírà pè mí.

"Ṣé o lè fi hàn wá?"

"Mo lè fi hàn yín, mà."

"Fi hàn níwájú àwọn ìyá. Tí kò bá jí, n kò ní fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ fún ọdún tó ń bọ̀."

Láìsí ìwé iṣẹ́, kò sí ìkámà, ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò máa gbé ìlú wọn. Láìsí ìkámà, ilé yá nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta la fi wá àṣẹ láti kó irú àkèré bẹ́ẹ̀ wọlé láti Amẹ́ríkà. Àkèré mẹ́fà ni wọ́n fi ránṣẹ́, mẹ́rin ló dé láàyè, torí ẹnì kan ní pápákọ̀ òfurufú gbé àpótí tí a kọ "Ẹ má gbé e sóòrùn" sí sínú oòrùn gan-an. Èmi fúnra mi ni mo ra tẹmómítà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mú fíríìjì náà tutù, torí tó bá tutù jù, wọn á kú lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí àwọn ìyá ń bọ̀ wá wò wọ́n ní aago mẹ́wàá, gbogbo wọn ti le gbagidi. Mo fi ṣíbí kan ọ̀kan, ó dún kọ́kọ́. Inú mi dùn.

Ẹ wá wò mí níwájú ike ìrẹsì. Mo sáré jáde, mo bá Àlàájà tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìlọrin ni Àlàájà ti wá ṣe Hájì, kò sì padà sílé mọ́. Kàákíyà ní Mẹ́kà ló kọ́kọ́ gbé, níbi tó ti ń bá àwọn ará wa wẹ òkú obìnrin, kó tó wá sí Rùwéèsì ní Jẹ́dà. Kò ní ìkámà. Orúkọ ìbátan rẹ̀ kan tó ní ìkámà, tí ẹsẹ̀ ń dùn, ló fi ń ṣiṣẹ́.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣí fíríìjì mi?"

Ó wò mí tìkàtẹ̀gbin. "Èmi ni. Àṣírí ẹ ni mo bò láàárọ̀ yìí."

"Àṣírí wo?"

"Ṣé Ìjẹ̀bú kọ́ ni ẹ́ ni? Mo mọ̀ pé ẹ máa ń jẹ kọ̀nkọ̀. Àmọ́ nílẹ̀ yìí, Tíṣà! Ànábì ní ká má pa á. O wá pa mẹ́rin, o kó wọn sí fíríìjì àwọn ọmọléèwé!"

"Wọn ò kú, Àlàájà!"

"Èmi tí mò ń wẹ òkú lo fẹ́ kọ́? Tí mo bá ṣíwọ́, màá sin wọ́n."

Kí n tó béèrè ibi tó kó wọn sí, mudíírà àti àwọn ìyá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àlàájà fa ìbòrí bojú, ó pòórá, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti rí ọ̀gá.

Mo ṣí fíríìjì níwájú wọn. Kí ni mo tún lè ṣe? Ìyá tó kọ̀wé ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ẹ̀.

"Ṣé ìrẹsì yìí ló máa jí?"

Ẹ̀rín bú wọn. Mudíírà ní, "Kàláàsì, ó ti parí," ó sì gbé ike ìrẹsì náà lọ. Òun ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàmì sí ibẹ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àílà, ìyá tó kọ̀wé ẹ̀sùn, tí kò tíì padà sílé, lọ ṣe àlùwàlá. Ó jókòó, ó ká aṣọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni abọ́ kan wà tí aṣọ funfun tútù bò. Aṣọ náà mí. Ó tún mí. Àkèré kan fò jáde, ó bà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ké bíi pẹ́pẹ́yẹ.

Igbe tí obìnrin yẹn ké, n kò rò pé ẹnì kan wà ní àdúgbò tí kò gbọ́. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, méjì ń fò káàkiri ilẹ̀ olómi, ọ̀kan ṣì wà nínú abọ́, ó ń na ẹsẹ̀. Inú bàtà ìyá náà ni mo ti yọ ẹ̀kẹrin.

Mudíírà ò gbà. "Báwo la ṣe mọ̀ pé wọ́n dì rí? Bóyá o fi wọ́n pamọ́ síbí ni."

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dáhùn. Mo rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, mo sì mi orí sí i pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàájà bọ́ síta. Lárúbáwá tó sọ dáa ju tèmi lọ.

"Èmi ni mo kó wọn láti inú fíríìjì láàárọ̀. Wọ́n le bí òkúta. Mo fetí sí àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan kan. Òkú obìnrin tí mo ti wẹ̀ kò níye, mo sì ti ka àwọn wọ̀nyí mọ́ òkú. Mo fi Ọlọ́run búra, èmi ni mo ṣìṣe."



"Kí lorúkọ rẹ?" ni mudíírà bi í.

Orúkọ ìbátan rẹ̀ ni Àlàájà dá. Ó ti pẹ́ tí mudíírà ti mọ ìbátan yẹn dáadáa. Ó wo Àlàájà lójú, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó dúró ṣinṣin.

"Ẹsẹ̀ rẹ ti yá," ló wí. "Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ó fọwọ́ sí ìwé mi lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ìyá náà kọ lẹ́tà kejì, ọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Oyè méjì ni mo gbà ní yunifásítì, ẹ̀rí Àlàájà ni wọ́n gbà gbọ́. N kò jiyàn. Ó sàn ju tèmi lọ, torí ọ̀rọ̀ tèmi ló máa gbà mí, tirẹ̀ sì lè lé e kúrò nílùú.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mò ń padà sílé pátápátá, Àlàájà wá kí mi.

"Tíṣà, o kó bá mi."

"Kí ni mo tún ṣe?"

"Tí wọ́n bá pè mí síbi òkú báyìí, mi ò lè yára bu omi. Mo máa ń jókòó tì í ná. Àwọn ẹbí ń bínú."

Mo ṣàlàyé dáadáa fún un pé ẹ̀dọ̀ èèyàn ò lè ṣe ohun tí ti àkèré yẹn ń ṣe.

"Mo gbọ́," ni Àlàájà wí. "Àmọ́ kí ló ń lé wa?"