Omi Èso Tí Ìyá Mi Fẹ́ Fi Se Adìẹ

Mo ṣì kéré nígbà náà, garawa tí mo fi ń pọnmi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ, nígbà tí owó epo rọ̀bì wọ Libreville, olú-ìlú Gabon, tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń wá bá bàbá mi, aránṣọ ní àdúgbò Rio, pé kó bá àwọn rán kóòtù. Àsìkò yẹn ni tẹlifíṣọ̀n wọ ilé wa. Bàbá mi rán aṣọ funfun tí a fi ń bò ó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i bí a kò bá tíì gbálẹ̀, kí a fọ abọ́, kí a sì kírun.

Èyí tí ìyá mi fẹ́ràn jù ni ìdíje oúnjẹ sísè tí àwọn òyìnbó ń ṣe lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Bàbá mi ní, "Eléyìí dára fún ọmọdé. Kò sí ìjà, kò sí ìfẹnukonu." Ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jáde nìkan la máa ń fọwọ́ bojú, èmi a sì máa yọjú láàárín ìka.

Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Rìsí, ẹ̀gbọ́n mi, ló ń túmọ̀ fún un. Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan da nǹkan sórí adìẹ láti inú ìgò ọlọ́rùn gígùn, inú àwọn adájọ́ sì dùn débi pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá mi bèèrè pé kí lohun náà. Rìsí ronú títí, ó ní, "Màmá, omi èso ni."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlájì Múfú, ọmọ Ìlọrin tó ń ta èlò ọbẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù wà níbẹ̀. Ìyá mi gbóhùn sókè:

"Àlájì, ẹ fún mi ní omi èso tí òyìnbó fi ń se adìẹ, èyí tó wà nínú ìgò ọlọ́rùn gígùn."

Àlájì wo àwọn obìnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Rìsí, ọtí mà lẹ̀ ń bèèrè un."

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni. Gbogbo wọn ló gbọ́. "Aúsù bílàhí!" ni ìyá mi ké, ó yára jáde débi pé sísá ni mo ń sá tẹ̀lé e.

Kó tó dìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti dé àdúgbò Sotega pé ìyàwó aránṣọ ti ń mutí. Bàbá mi wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gbé ife omi ìyá mi, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Ìyá mi bú sẹ́kún.

"Bàbá Rìsí, ẹ̀yin náà?"

Rìsí kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo sọ fún wọn. Èso mà ni wọ́n fi ṣe é!"

Bàbá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Síbẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni Rìsí wà tó fi ka orúkọ gbogbo ohun mímu ní Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ lókè.

Ìyá mi kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata se adìẹ, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà níwájú àwọn obìnrin yẹn. Wọ́n ń wojú ara wọn. Àlájì Múfú ló kọ́kọ́ mú itan kan, kò sì pẹ́ tó ń lá ìka. Ni gbogbo wọn bá nawọ́. Nígbà tí abọ́ ṣófo, wọ́n bèèrè ohun tó fi sè é.

"Omi èso ni," ni ìyá mi wí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àpótí kan ni gbogbo ilé ń wò nígbà náà, ẹni tí kò bá yé á bèèrè. Lónìí, olúkúlùkù ló gbé fóònù tirẹ̀ sórí itan. Bí àwọn òbí ọ̀dọ́ bá bi mí bóyá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ yẹ ọmọdé, mo máa ń ní ó yẹ, kí àwọn òbí ṣáà jókòó ti àwọn ọmọ wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti di adájọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní, "Màmá àgbà, ó ku nǹkan kan." Láyé ìyá mi, ìgbákọ ìbá ti bá a lórí. Èmi na ìgbákọ sí i, mo kúrò nídìí iná, mo ní kó wá fi ohun tó kù sí i.

Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní ọbẹ̀ náà ti dùn bẹ́ẹ̀.